Igi kan wà nínú àpò jéró Katako: Bí ìṣirò ṣe ń tú àṣírí ìdílé ọkà

Pákó ni ìtumọ̀ orúkọ ọjà náà lédè Haúsá. Katako ni wọ́n ń pè é, ìlú Niamey tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger ni ó sì wà. Orúkọ náà kò ṣàdédé wáyé, nítorí pé igi lílà àti pákó ìkọ́lé wà lára ohun tí ó sọ ọjà náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò rí àwọn onípákó, yóò rí àwọn alágbẹ̀dẹ tí ń fi àlòkù irin rọ irinṣẹ́, yóò sì rí àwọn ọlọ́kà tí wọ́n to àpò jéró, ọkà bàbà, àgbàdo, ìrẹsì àti ẹ̀wà kalẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kan tún wà ní Katako tí ayùn kò lè là, tí ojú lásán kò sì lè rí. Inú irúgbìn jéró ni igi náà wà. Igi ìran ni.

Àwọn Haúsá ń pe jéró ní gero, àwọn Zarma tí wọ́n pọ̀ ní agbègbè Niamey ń pè é ní hayni. Yorùbá pàápàá kò ṣe àjèjì sí i, nítorí ẹni tí ó bá ti mu fùrá rí ti mọ adùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí jéró jẹ́ fún àwọn ará Niger ju ohun tí ó jẹ́ fún ẹlòmíràn lọ. Òun ni ọkà tí wọ́n ń gbìn jù lọ, òun ni ó ń hù lórí iyanrìn níbi tí òjò kò ti tó fún àgbàdo. Bí jéró bá yè, ilé yè. Bí jéró bá kú, ebi wọlé.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìdílé jéró kò fi jẹ́ ìtàn tí àwọn ọ̀mọ̀wé kàn fi ń dára yá. Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí jéró ti ṣẹ̀ wá, tí ó sì mọ àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ṣì wà nínú igbó, ni yóò mọ ibi tí yóò ti wá irúgbìn tí ó lè fara da ọ̀dá. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, ta ni yóò pìtàn? Ọba ní arọ́kin, ìdílé ní oríkì. Ta ni arọ́kin jéró?

Arọ́kin tí kò ní ẹnu

Inú irúgbìn fúnra rẹ̀ ni arọ́kin náà wà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DNA ni. Ẹ fi ọkàn yàwòrán ìwé gígùn kan tí wọ́n fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ: A, C, G àti T. Ní 2017 ni àwùjọ onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, tí iléeṣẹ́ ìwádìí ICRISAT kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀, gbé ìwé jéró jáde. Gígùn rẹ̀ tó bílíọ̀nù lẹ́tà 1.79, wọ́n sì ka àṣẹ 38,579 nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn apá tí ń sọ fún irúgbìn bí yóò ṣe hù, ìgbà tí yóò yọ òdòdó, àti bí yóò ṣe fara da oòrùn.

Ìgbà gbogbo tí irúgbìn bá bí irúgbìn, ó ní láti da ìwé yìí kọ fún ọmọ rẹ̀. Adàwékọ kì í ṣàì ṣàṣìkọ. Lẹ́tà kan a yí padà níhìn-ín, òmíràn a yí padà lọ́hùn-ún, ọmọ a sì gbé àṣìkọ náà fún ọmọ-ọmọ. Bí a bá wá rí irúgbìn méjì tí wọ́n jọ ní àṣìkọ kan náà, a lè fura pé baba-ńlá kan ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Láti ara irú ìfura báyìí ni a ti ń tọpa igi ìran.

Ṣùgbọ́n ẹ má tí ì pàtẹ́wọ́. Ìbájọra kọ́ ni ìbátan. Ènìyàn méjì lè jọra bí ìbejì kí wọ́n má sì mọ ara wọn rí. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni DNA ní. Bí ìran méjì bá ti yí padà lọ́pọ̀lọpọ̀ láàárín ọdún gbọọrọ, wọ́n lè bá ara wọn pàdé lórí lẹ́tà kan náà láìjẹ́ pé wọ́n jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Ní 1978 ni Joseph Felsenstein, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò nígbà náà láti fa igi ìran lè ṣìnà nítorí èyí, àti pé bí ẹ̀rí bá ti ń pọ̀ sí i tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdánilójú lórí irọ́ náà yóò máa pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹ̀rí púpọ̀ kò lè gba ẹni tí ó bá ń fi òṣùwọ̀n èké wọn ọjà.

Yàtọ̀ sí èyí, igi tí ó ṣeé ṣe kò níye. Bí irúgbìn bá jẹ́ mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́ta péré ni a lè gbà so wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá di márùn-ún, ọ̀nà náà di 15. Bí wọ́n bá di mẹ́wàá, ó di 2,027,025. Ẹni tí ó bá ní òun yóò fi ojú yan èyí tí ó tọ̀nà nínú wọn ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Àpò mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò rí

Ibí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ti wọlé. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kò ṣòro láti lóye bí a bá gbé e wá sí orí ẹní ọlọ́kà.

Ẹ jẹ́ kí a mú irúgbìn mẹ́rin. Èkíní ni jéró oko láti ìwọ̀-oòrùn Sahel, èkejì ni jéró oko láti ìlà-oòrùn Sahel, ẹ̀kẹta ni jéró igbó, ẹ̀kẹrin sì ni koríko kan tí ó jẹ́ ìbátan wọn láti òkèèrè. A fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé èkíní àti èkejì jọ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. A to ìwé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí abẹ́ ara wọn, a sì ń kà á láti òpin kan dé òpin kejì. Ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà mẹ́rin ni a óò rí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ irúgbìn kọ̀ọ̀kan. Àkójọ lẹ́tà tí ó lè jáde jẹ́ 256.

A wá ya tábìlì kan. Lẹ́tà méjì ti irúgbìn kìíní àti èkejì ni a fi ṣe ìlà ìbú: AA, AC, AG, títí dé TT. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16. Lẹ́tà méjì ti ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni a fi ṣe ìlà òòró, òun náà jẹ́ 16. Inú yàrá kọ̀ọ̀kan ni a kọ iye ìgbà tí a rí àkójọ náà sí. Gbogbo tábìlì náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá fojú inú wo ọlọ́kà kan tí ó gbé àwo 16 kalẹ̀, tí àdàlù ọkà kún inú wọn, tí àdàlù kan kò sì bá èkejì mu. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé ibi 16 ni ó ti kó ọjà wá. Ṣùgbọ́n bí àpò mẹ́rin péré bá wà nílé rẹ̀, tí ó jẹ́ pé láti inú àpò mẹ́rin yẹn ni ó ti ń bu díẹ̀díẹ̀ sínú àwo kọ̀ọ̀kan, ọgbọ́n kan wà tí a lè fi tú u láṣìírí láì dé ilé rẹ̀. Bí a bá mú àwo mẹ́rin tí wọ́n yàtọ̀ síra gedegbe, a ó lè fi àfikún àti àyọkúrò ṣírò ohun tí ó wà nínú àwo 12 yòókù. Àwo 16 ni ojú rí, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni igi ìran ṣe rí. Láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì igi náà, baba-ńlá kan wà tí ó ti kú tipẹ́, tí a kò lè ka ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ ohun kan nípa rẹ̀: ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú A, C, G tàbí T ni lẹ́tà rẹ̀ ní láti jẹ́. Àpò mẹ́rin nìyẹn. Ohunkóhun tí ẹ̀gbẹ́ òsì bá mọ̀ nípa ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọwọ́ baba-ńlá yìí ni ó ti gbà á. Nítorí náà, bí a bá pín irúgbìn mẹ́rin náà bí ó ti tọ́, ìlà 16 tí ó wà nínú tábìlì yóò dá lé mẹ́rin péré. Bí a bá pín wọn lódì, ìlà náà yóò kọ̀, yóò ní òun kò gbà, iye tí ó dá lé lè pọ̀ títí dé 16.

Ohun tí ó mú kí ọgbọ́n yìí lágbára ni pé kò bìkítà nípa bí ìran kan ṣe yára yí padà ju èkejì lọ. Ẹ̀ka igi ìbáà gùn, ìbáà kúrú, mẹ́rin ni mẹ́rin ń jẹ́. Ẹ̀tàn tí Felsenstein kìlọ̀ rẹ̀ ní 1978 kò rí ibi dúró sí. Lóòótọ́, nínú iṣẹ́ gidi, òǹkà kì í mọ́ rekete, nítorí ìwé tí a kà ní ìwọ̀n, àṣìkà sì wà. Nítorí náà ni Nicholas Eriksson ṣe dábàá ní 2005 pé kí a wo èyí tí ó súnmọ́ mẹ́rin jù lọ nínú ọ̀nà tí a lè gbà pín wọn, kí a sì gba èyíinì mú.

Nígbà tí ìṣirò di àwòrán

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni jiọ́mẹ́tìrì, ìṣirò ìlà àti àwòrán, ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọkà. Ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé gíga: bí a bá sọ pé kí a fi nọ́ńbà kan lọ́po ara rẹ̀, kí a fi òmíràn lọ́po ara rẹ̀, kí a ro méjèèjì pọ̀ kí ó di 25, nọ́ńbà 3 àti 4 bá a mu, 0 àti 5 bá a mu, ṣùgbọ́n 2 àti 2 kò bá a mu. Bí a bá fi gbogbo àwọn tí wọ́n bá a mu sórí bébà, òbìrìkìtì ni wọn yóò yà. Ìṣirò áljẹ́brà ti di àwòrán nìyẹn.

Igi ìran kọ̀ọ̀kan ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ó sì ní àwòrán tirẹ̀. Bébà ni kò lè gbà á, nítorí nọ́ńbà 256 ni ó wà nínú òfin náà dípò méjì. Òǹkà tí a rí nínú irúgbìn dà bí ẹyọ àmì kan ṣoṣo, ìbéèrè wa kò sì ju pé: lára àwòrán igi wo ni àmì yìí súnmọ́ jù?

Ní 1987 ni èrò yìí jáde láti ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. James Cavender àti Felsenstein kọ tiwọn, James Lake náà kọ tirẹ̀. Ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ kò kà á sí, nítorí pé ó ń fẹ́ ẹ̀rí púpọ̀, ìwé DNA kò sì tí ì pọ̀ nígbà náà. Nígbà tí ìwé di bílíọ̀nù lẹ́tà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 2005, Lior Pachter àti Bernd Sturmfels ṣe olótùú ìwé ńlá kan tí ó gbé ìṣirò yìí fún àwọn onímọ̀ ohun ẹlẹ́mìí. Ní Alaska, Elizabeth Allman, ẹni tí òun àti John Rhodes jọ ń ṣiṣẹ́ lórí òfin àwọn igi wọ̀nyí, tilẹ̀ gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ ní 2007: ẹnikẹ́ni tí ó bá rí gbogbo òfin igi ẹlẹ́ka mẹ́ta yóò gba ẹja salmon tí òun fúnra òun pa, tí òun sì yan. Ní 2012, Shmuel Friedland àti Elizabeth Gross tẹ ẹ̀rí jáde tí ó yanjú apá kan pàtàkì nínú ìbéèrè náà. Ẹja lásán ni àwọn kan yóò rí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ bí ìbéèrè náà ti le tó mọ̀ pé ẹja náà wọ́n.

Ìṣòro mìíràn tún yọjú. Gbogbo apá ìwé DNA kọ́ ni ó ní ìtàn kan náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ kan ti lè gba imú baba kí ó sì gba ojú ìyá-ìyá rẹ̀. Ní 2014, Julia Chifman àti Laura Kubatko fi hàn pé ọgbọ́n tábìlì náà ṣì ṣeé lò bí a bá da gbogbo apá wọ̀nyí pọ̀, bí iye tí ìlà dá lé tilẹ̀ ju mẹ́rin lọ.

Nígbà tí ẹ̀ka tún so mọ́ ẹ̀ka

Àgbẹ̀ Niger kò nílò ìṣirò kí ó tó mọ̀ pé jéró kì í dúró sí ẹ̀ka tirẹ̀ nìkan. Nínú oko, koríko kan a máa hù tí ó jọ jéró, ṣùgbọ́n tí ó ń gbọn èso rẹ̀ dànù kí wọ́n tó kórè. Shibra ni wọ́n ń pè é. Àárín jéró oko àti jéró igbó ni ó wà. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó jéró kiri, afẹ́fẹ́ kò sì mọ ààlà oko. Àgbẹ̀ a fà á tu, a sọ ọ́ nù.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka bá ti tún padà so mọ́ ẹ̀ka, ohun tí a ní kì í ṣe igi mọ́, ó ti di àwọ̀n. Òfin kan tí ó rọrùn ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí jéró oko ìwọ̀-oòrùn àti ti ìlà-oòrùn bá jẹ́ ọmọ ìyá, tí kò sì sí àdàlù lẹ́yìn náà, iye ibi tí ti ìwọ̀-oòrùn nìkan ti bá jéró igbó mu gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú iye ibi tí ti ìlà-oòrùn nìkan ti bá a mu. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, òdo ni yóò kù. Bí òṣùwọ̀n bá tẹ̀ sí apá kan ju ohun tí oríire lè fà lọ, ẹ̀jẹ̀ ti dà pọ̀.

Yorùbá wà nínú ìtàn òfin yìí. Ní 2010, nígbà tí àwọn onímọ̀ tí Svante Pääbo ṣíwájú wọn ní Jámánì ka DNA Neanderthal, ìyẹn àwọn ènìyàn àtijọ́ tí wọ́n ti parẹ́, wọ́n fi wé ti ènìyàn márùn-ún òde-òní. Ọmọ Yorùbá kan láti Nàìjíríà wà lára àwọn márùn-ún náà. Òṣùwọ̀n náà kò dọ́gba: àwọn tí kì í ṣe ọmọ Áfíríkà súnmọ́ Neanderthal jù, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ìdá 1 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún DNA wọn ni ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ní 2020, ìwádìí mìíràn fi hàn pé díẹ̀ wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà náà, bí ó tilẹ̀ kéré.

Ohun tí irúgbìn jẹ́wọ́

Kí wá ni jéró jẹ́wọ́? Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2018, tí àwọn onímọ̀ IRD ti ilẹ̀ Faransé wà nídìí rẹ̀, lo oríṣiríṣi ìṣirò lórí ìwé odidi jéró oko àti ti igbó. Ó tọ́ka sí ìwọ̀-oòrùn aṣálẹ̀ Sàhárà gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ jéró di ohun oko, ó sì sọ pé nǹkan bí 4,900 ọdún sẹ́yìn ni jéró oko bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri Áfíríkà. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé lẹ́yìn tí jéró ti kúrò nínú igbó, jéró igbó kò yé bùn ún ní ẹ̀bùn. Apá 15 nínú ìwé jéró oko ni wọ́n rí tí ó wá láti ọ̀dọ̀ ìbátan igbó, tí ó sì ràn án lọ́wọ́ láti gbé ibi tí ó bá ara rẹ̀. Ìbátan tí wọ́n lé jáde ni ó ń gbé oúnjẹ wá gba ẹ̀yìnkùlé.

Ìtàn náà kò sì tí ì parí. Ní 1976 wọ́n kó irúgbìn jéró jọ láti abúlé káàkiri Niger, ní 2003 wọ́n tún padà sí àwọn abúlé kan náà. Láàárín ìgbà méjèèjì ni ọ̀dá ńlá ti Sahel jà. Nígbà tí wọ́n gbin méjèèjì papọ̀, tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2011, jéró ti 2003 yára yọ òdòdó ju ti 1976 lọ, igi rẹ̀ àti ṣírí rẹ̀ sì kéré sí i. Nínú DNA, wọ́n rí i pé irú àṣẹ kan tí ń mú òdòdó yá ti pọ̀ sí i, ó sì pọ̀ ju ohun tí oríire nìkan lè fà lọ. Kò sí ìjọba tí ó pàṣẹ rẹ̀. Irúgbìn tí ó tètè gbó kí òjò tó dá ni ó yè, òun ni àgbẹ̀ rí kó pamọ́ fún ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Kí Yorùbá má baà rò pé ọ̀rọ̀ aládùúgbò nìkan ni, ẹ wo iṣu. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan sọ pé láti ọ̀dọ̀ iṣu igbó kìjikìji kan ni iṣu funfun wa ti wá, ní agbègbè odò Ọya láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní 2020, àwọn mìíràn láti Japan, tí wọ́n lo irúgbìn tí IITA ní Ìbàdàn tọ́jú, ní ọmọ àdàlù ni: iṣu igbó kìjikìji àti iṣu igbó ọ̀dàn ni wọ́n jọ bí i. Ẹgbẹ́ kan rí igi, ẹgbẹ́ kejì rí àwọ̀n. Kì í ṣe iyàn lásán. Ẹni tí ó bá ń wá irú iṣu tí yóò fara da ilẹ̀ gbígbẹ kò ní wá a ní ibi kan náà bí ìtàn kìíní bá jẹ́ òótọ́ tàbí bí ó bá jẹ́ èkejì.

Níbẹ̀ ni pàtàkì gbogbo ìṣirò yìí wà. Àwọn ilé ìtọ́jú irúgbìn, bíi ti ICRISAT ní Sadoré nítòsí Niamey, kò lè kó gbogbo ewéko ayé pamọ́. Igi ìran tí ó tọ́ ni yóò sọ èyí tí a kò gbọdọ̀ pàdánù. Bí igi náà bá jẹ́ èké, a ó tọ́jú ẹ̀dà nǹkan kan náà lọ́nà ọgọ́rùn-ún, a ó sì jẹ́ kí èyí tí ó ní oògùn ọ̀dá nínú bá iná àti àgùntàn lọ.

Àwọn ọlọ́kà Katako ń fi igbá wọn jéró fún ẹni tí ó fẹ́ jẹun lónìí. Nínú igbá kan náà ni nǹkan bí 5,000 ọdún iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ wà, pẹ̀lú ẹ̀bùn ìbátan igbó tí ẹnikẹ́ni kò kí kú iṣẹ́. Ìṣirò lè ka ohun tí ó ṣẹ́kù. Èyí tí ó bá ti parẹ́, kò sí òǹkà tí ó lè pè é padà.